Wákàtí Kan Láàrin Èkó àti Lomé

Kí n tó sọ bí Lomé ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan. Mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ dájú, mo sì dáhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó mọ ìdáhùn wà níbi iṣẹ́ mi. Ǹ bá lọ, ǹ bá sì padà dé kí omi tí wọ́n gbé kaná láti fi wẹ òkú tó hó. Mi ò lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin Bàbá Làmídì láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀. Mo ti wá ẹlòmíì tí mo lè dá lẹ́bi, mi ò rí. Bàlúù dé lásìkò rẹ̀. Lèmọ́mù ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Èmi ni.

Ìsẹ́yìn ni ilé mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó kú. Nígbà tí Bàbá Làmídì, tí í ṣe ará agbo ilé wa, wá ṣe ọdún Iléyá, ìyá mi mú mi lọ́wọ́, ó fà mí lé e lọ́wọ́. Bàbá Làmídì ti wà ní Lomé láti ayé àwọn Jámánì, kí àwọn Faransé tó gba ibẹ̀. Wọ́sìwọ́sì ló ń tà lọ́jà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, àgádágodo. Ìyá mi kò sunkún. Ó ní, "Tí o bá débẹ̀, máa kọ̀wé. Má jẹ́ kí n máa bi àwọn onímọ́tò léèrè bóyá o wà láyé." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀nà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Lomé. Ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wo ibi tí mo mọ̀ pé mọ́tò ti ń wá, mo bọ́ sójú títì, ni òmíràn bá fọn fèrè sí mi létí láti ibi tí mi ò wò. Awakọ̀ náà bú mi ní èdè méjì, mi ò gbọ́ ìkankan. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì gígùn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Anago." Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa tí a ti apá ibẹ̀ wá nìyẹn. Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń pe ewúrẹ́ ní ewúrẹ́.

Ní Ìsẹ́yìn, èmi ni àwọn àgbà máa ń gbé lẹ́tà wá fún kí n kà á sí wọn létí. Ní Lomé, Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Mo lè dá lẹ́tà wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí wọ́n bá ti para pọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyẹn dùn mí ju ebi lọ.

Àdúgbò Nyékonakpoè ni ilé Bàbá Làmídì wà, níbi tí ariwo òkun ti ń dé etí ẹni bí ìlú bá dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, mo rí aago ńlá kan lára ògiri pálọ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán, aago náà sì ti lu méje.

Mo ní, "Bàbá, aago yín ń sáré."

"Kò sáré," ni Bàbá wí. "Aago ilé ni. Ẹsẹ̀ mi ló wá sí Lomé, aago mi ò bá mi wá."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gàní, dáhùn láti ibi ìdáná. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Tí wọ́n bá lu mẹ́fà nígboro, méje ni nínú ilé yìí. Mo ti ń se oúnjẹ ní wákàtí kan ṣáájú gbogbo ayé láti ìgbà tó ti fẹ́ mi."

"Ṣé oúnjẹ náà tutù rí?"

"Ọwọ́ ta ni yóò ti tutù?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé aago ilé wa fi wákàtí kan ṣáájú aago àwọn ará Lomé. Bàbá kò yí i padà rí. Ó ní bí aago náà bá lu, òun mọ ohun tí àwọn ènìyàn òun ń ṣe lásìkò yẹn, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń pa ilé ìtajà dé.

Ẹnì kan wà tí kì í dárúkọ rẹ̀. Gàníyù ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Bàbá fẹ́ kó jókòó ti ìsọ̀ wọ́sìwọ́sì, Gàníyù sì fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó. Wọ́n jà. Bàbá ní tó bá lọ, kó má padà wá àfi tí òun bá ránṣẹ́ pè é. Gàníyù lọ. Ọdún mẹ́rin kọjá, Bàbá kò ránṣẹ́, òun náà kò wá. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Ìṣó tó máa ń fi ẹ̀wù kọ́ ni mo fi ẹ̀wù mi kọ́. Ìyá Gàní kì í pe orúkọ mi. Àbúrò Gàní ló ń pè mí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè mí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní ẹni tí mi ò mọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ bàtà tó ṣì gbóná láti ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ ní pápá bàlúù, lẹ́yìn ìlú. Koríko ni mo kọ́kọ́ ń gé níbẹ̀. Bí bàlúù bá fẹ́ balẹ̀, èmi àti ọkùnrin kan a máa sáré lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, a ó máa ju aṣọ pupa kiri. Akọ̀wé ibẹ̀ ni Fẹ́lísì, ará apá Atakpamé. Ifẹ̀ ti apá ibẹ̀ ni èdè ilé rẹ̀, ó sì jọ tiwa débi pé tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mo máa ń gbọ́ bíi mẹ́fà. Ó mọ̀ pé mo lè kọ nǹkan. Ẹfun tí wọ́n fi ń kọ pátákó máa ń mú un sín, ni ó bá fi pátákó náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni pátákó náà wà. Orúkọ ìlú ni a ń kọ sí i, bí ó ṣe jìnnà sí Lomé, iye wákàtí tí bàlúù fi ń lọ, àti ìgbà tí yóò dé. Fẹ́lísì ni yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí tákàdá, èmi yóò wulẹ̀ dà á kọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ti Èkó, ọwọ́ mi dúró. Igba kìlómítà ó lé ọgbọ̀n. Wákàtí kan.

Fẹ́lísì ní, "Kí ló dé, Anago? Ṣé lẹ́tà ló sọnù?"

Mo ní, "Wákàtí kan péré?"

"Wákàtí kan ni. O rò pé wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lókè ni?"

Èmi tí mo ti rò pé mo wà ní òpin ayé. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń dá jókòó sétí òkun, tí mò ń rò ó pé bí ìyá mi bá ṣàìsàn lónìí, wọn yóò ti sin ín kí n tó gbọ́, wákàtí kan péré ni Èkó wà sí mi. Ibi tí mò ń gbé kò jìnnà rárá. Èmi ni mo jìnnà, torí pé irú mi kì í wọ bàlúù. Kí n lé ewúrẹ́ fún un ni iṣẹ́ tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa dúró níwájú pátákó, ó wo ìkọ̀wé mi, ó sì sọ pé ó dára. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, àmọ́ mo gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo gun kẹ̀kẹ́ délé bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bàbá gbé ìròyìn náà lọ sọ́jà. "Ọmọ mi ni ó ń kọ ọ̀nà bàlúù," ni ó ń sọ fún gbogbo àwọn ará ilé wa tó ń tajà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bi mí léèrè. Bàlúù wo ló kọjá láàárọ̀? Níbo ló ń lọ? Èyí tí mo mọ̀, mo sọ ọ́. Èyí tí mi ò mọ̀, mo sọ òun náà. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé èmi ni mò ń sọ ìgbà tí bàlúù yóò balẹ̀. Mi ò dárúkọ ewúrẹ́.

Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn ni àìsàn dá Bàbá wólẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n mú bébà wá.

"Kọ̀wé sí Gàní. Sọ pé mo pè é."

Mo kọ ọ́. Mo ní, "Kí ni kí n fi kún un, Bàbá?"

"Kò sí. Ó mọ ohun tó kù." Ó fa aṣọ ìbora mọ́ra. "Bí mo bá lọ kó tó dé, òun ni kó wọ inú kòtò. Òun ni kó gba orí mi."

Ìyá Gàní yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọdún mẹ́rin, ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà nìyẹn.

Ìwé náà kò tíì lè dé Èkó nígbà tí Bàbá kú, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Wọ́n sáré tẹ wáyà sí Gàníyù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èsì dé. Èmi ni mo kà á sí etí gbogbo wọn nínú àgbàlá: "Mò ń wọ bàlúù aago kan ààbọ̀ lónìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró dè mí."

Lèmọ́mù jókòó lórí ẹní. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó ní, "Òkú ti sùn mọ́júmọ́, kò sì tọ́ kó tún ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo lè ṣe rèé. Bí bàlúù náà yóò bá dé kí a tó kírun Àlàásárì, a óò dúró. Bí kò bá ní dé, tí a bá ti kírun Àílà tán, a óò gbé e lọ."

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Àbúrò Gàní," ni Ìyá Gàní wí, "aago mélòó ni yóò dé?"

Dídà nìkan ni mo máa ń dà á kọ, kì í dúró lórí mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ nínú orí mi. Aago kan ààbọ̀ ni yóò gbéra. Wákàtí kan lójú ọ̀run, ó di méjì ààbọ̀. Mo wá rántí pé aago Èkó àti aago Lomé kì í ṣe ọ̀kan. Lójoojúmọ́, tí mo bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń wo aago ibẹ̀, mo máa ń fi wákàtí kan kún un kí n lè mọ ohun tí aago Bàbá ń sọ nílé, kí oúnjẹ má baà tutù dè mí. Ó ti mọ́ mi lára. Mo fi wákàtí kan kún un, ó di mẹ́ta ààbọ̀. Mo ṣírò aṣọ́bodè tí yóò tú ẹrù rẹ̀, àti ọ̀nà láti pápá wá sílé.

Mo ní, "Aago mẹ́rin ààbọ̀."

"Àlàásárì ti kọjá nígbà yẹn," ni Lèmọ́mù wí. "Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?"

Ìyá Gàní ní, "Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ yẹn. Ṣé o ò ní sáré lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé yín?"

Ó dá mi lójú títí di ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ará ọjà wà níbẹ̀, àwọn tí Bàbá ti ń sọ fún pé ọmọ òun ló ń kọ ọ̀nà bàlúù. Ojú tì mí láti dìde níwájú wọn kí n lọ béèrè iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Mo ní, "Ìyá, kí ni mo fẹ́ béèrè? Ṣebí èmi ni mò ń kọ ọ́."

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a kírun Àílà tán, a gbé Bàbá lọ. Nígbà tó kan ẹni tí yóò wọ inú kòtò, wọ́n wo ara wọn lójú, Lèmọ́mù sì nawọ́ sí mi. "Ọmọ ilé ni ìwọ náà." Mo wọ inú kòtò náà. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì gba orí rẹ̀.

Ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló burú jù. Èyí ni. Mo wà nínú kòtò, orí Bàbá wà lọ́wọ́ mi nínú aṣọ funfun, mo sì gbọ́ bàlúù. Ó gba orí wa kọjá, ó ń rẹlẹ̀ sí ọ̀nà pápá. Mo sọ fún ara mi pé ti Accra ni. Àmọ́ ọwọ́ mi ló kọ pátákó ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí bàlúù Accra lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Wọn kò tíì da eruku kan sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó kù kí n sọ, "Ẹ dúró," Lèmọ́mù yóò sì dúró, torí pé ó ti ṣèlérí títí di Àlàásárì. Mo gbé orí náà kalẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè, wọ́n fà mí jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, ọkùnrin kan tó mú báàgì kékeré dání wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí i rí, àmọ́ iwájú orí Bàbá ló wà lójú rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù mi. Ó wo yẹ̀pẹ̀ náà, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ ti gbé e lọ."

Ìyá rẹ̀ ní, "Gàní, wọ́n ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lo máa dé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá mi? Aago kan ààbọ̀ ni mo gbéra. Lọ́gán ni a dé."

Aago ara ògiri ń lu mẹ́ta nínú pálọ̀. Méjì ni nígboro. Mo wò ó, gbogbo rẹ̀ sì là sí mi lójú. Wákàtí tí mo fi kún un, ṣe ló yẹ kí n yọ ọ́. Kan ààbọ̀ ti Èkó, méjìlá ààbọ̀ ni ní Lomé. Ó gbéra ní kan ààbọ̀ tiwọn, ó balẹ̀ ní kan ààbọ̀ tiwa. Lójú aago, kò lo ìṣẹ́jú kan lọ́nà. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé nínú ilé yẹn ni aago náà fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìyá Gàní yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ló tì í. Nígbà míì, afẹ́fẹ́ máa ń ti bàlúù."

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ òkun lágbára. Gàníyù jókòó sórí ilẹ̀ láìbọ́ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, Fẹ́lísì ti gbọ́. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ wo? Aago kan ààbọ̀ ló balẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ìwọ tí o ń kọ ọ́." Nígbà tó rí ojú mi, ó rọ ohùn rẹ̀. "Lọ sọ fún un, Anago. Ó ṣì wà ní Lomé."

Ó wà níbẹ̀ títí a fi ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Inú yàrá kan náà ni a jọ ń sùn, òun lórí ẹní rẹ̀, èmi lórí àpò. Ní ọjọ́ kan tí a ń ká aṣọ tó ti gbẹ, ó bi mí pé, "Ìwọ lo gba orí wọn, àbí?"

Mo ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó wúwo?"

"Kò wúwo."

"Ṣé ojú wọn le?"

"Kò le. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n bá ń sinmi lẹ́yìn oúnjẹ."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "O ṣeun. Bí mi ò bá lè sí níbẹ̀, inú mi dùn pé ìwọ ni."

Mo ká aṣọ tó kù.

Ọjọ́ tí ó padà, èmi ni mo kọ bàlúù rẹ̀ sórí pátákó. Èmi ni mo lé ewúrẹ́. Ọ̀gá gbà kí n gbé báàgì rẹ̀ dé ẹsẹ̀ àkàbà. Ìrìn náà gùn tó láti sọ òtítọ́ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní òun ti bá ìyá òun sọ ọ́, wọ́n ti gbà kí n mú aago ara ògiri. "Àbúrò mi ni ọ́ báyìí," ni ó wí. Mo ní, "Ẹ dé ire, ẹ̀gbọ́n."

Ọdún kẹta rèé. Mo ti kúrò nínú ilé yẹn, torí pé mi ò lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ Ìyá Gàní mọ́. Gbossimé, àdúgbò mìíràn ní Lomé, ni mò ń gbé, nínú yàrá kan. Mo ti gbọ́ Faransé díẹ̀, Mina, èdè àwọn ará Lomé, náà ti ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, àwọn obìnrin ọjà kì í fi mí rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá mi kọ̀wé pé gbogbo agbo ilé ń fi mí yangàn. Aago Bàbá wà lára ògiri mi. Mi ò yí i padà. Bó bá ti lu, mo máa ń ronú pé lásìkò yẹn gan-an ni Gàníyù jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí ó ń jẹun, tàbí ó ń sọ fún ẹnì kan pé òun ní àbúrò kan ní Lomé.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń kọ "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n," mo máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, mo sì máa ń dúró níbẹ̀. Igba kìlómítà ó lé ọgbọ̀n ni. Èmi náà ni mò ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, mo sì mọ̀ pé wákàtí kan ni.

Gàníyù, afẹ́fẹ́ kọ́. Mo gbọ́ bàlúù rẹ nígbà tí orí bàbá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbèsè tí mo jẹ ọ́ nìyẹn, mi ò tíì san án.